Ipò Àkọ́kọ́ Kì Í Ṣe Iṣẹ́: Ìmọ̀ràn fún Ọmọbìnrin Tó Fẹ́ Wa Bàálù

Ọmọ mi, o ní o fẹ́ wa bàálù. Inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n o fi kún un pé o fẹ́ jẹ́ obìnrin àkọ́kọ́ láti àdúgbò wa tí yóò wa bàálù ńlá kọjá òkun, apá kejì yìí ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ. Ẹni tó ń wá ipò àkọ́kọ́ lè rí i, kí ó má rí iṣẹ́. Àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó la ọ̀nà yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwòrán wọn ni ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí máa ń pín kiri lórí Facebook, ẹ ó fi ọkàn pupa sí i, ẹ ó kọjá lọ. Ẹ kì í bèèrè ẹni tó kọ́ wọn níṣẹ́, ẹ kì í sì í bèèrè àwọn tí wọ́n kọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Bessie Coleman, nítorí òun lo máa ń dárúkọ jù. Ọdún 1892 ni wọ́n bí i ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà. Inú oko òwú ló dàgbà sí. Bí òwú bá ti tó já, wọn a ti ilé ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú pa, gbogbo wọn a bọ́ sóko. Bàbá rẹ̀ fi ilé sílẹ̀ lọ sí Oklahoma, ìyá rẹ̀ nìkan ló tọ́ wọn. Bessie fọ aṣọ fún àwọn òyìnbó títí ó fi tu owó díẹ̀ jọ, ó fi wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga, owó tán lẹ́yìn sáà kan, ó padà sílé. Ní 1915 ó lọ bá àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Chicago, ó sì ń tún èékánná àwọn ọkùnrin ṣe ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan, John, ti ja Ogun Àgbáyé Kìíní ní ilẹ̀ Faransé. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù náà wá lọ́jọ́ kan, ó ń fi àbúrò rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn obìnrin Faransé ju ti Chicago lọ, pé wọ́n tilẹ̀ ń wa bàálù. Yẹ̀yẹ́ yẹn ló gbé Bessie dìde. Ó kọ̀wé sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bàálù ní Amẹ́ríkà, kò sí èyí tó gbà á: obìnrin ni, aláwọ̀ dúdú ni. Robert Abbott tó ni ìwé ìròyìn Chicago Defender ló là á lọ́yẹ pé kí ó kọrí sí Faransé. Ọ̀nà kan ò wọjà.

Ṣé ó wá sáré wọ ọkọ̀ ojú omi? Rárá o. Ó kọ́kọ́ lọ kọ́ èdè Faransé ní Chicago níbẹ̀, nítorí èdè yẹn ni àwọn olùkọ́ yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Ó fi iṣẹ́ èékánná sílẹ̀, ó lọ ń bá wọn bójú tó ilé oúnjẹ kan tí owó oṣù rẹ̀ sàn jù, ó ń fi owó pamọ́. Abbott àti ọ̀gá báńkì kan tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, Jesse Binga, fi díẹ̀ kún un. Nínú gbogbo ìtàn rẹ̀, ibi tí mo fẹ́ràn jù nìyí: ọ̀dọ́mọbìnrin tó ti fi gbogbo ọ̀sán ṣiṣẹ́, tó tún ń há ọ̀rọ̀ Faransé sórí. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò ìyẹn.

Oṣù Kọkànlá ọdún 1920 ló wọkọ̀ lọ. Ìlú kékeré kan létí òkun, Le Crotoy, ni ilé ẹ̀kọ́ bàálù ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Caudron wà. Nieuport 82 ni bàálù tí wọ́n fi kọ́ ọ. Kò ní ọwọ́ ìdarí bíi ti mọ́tò. Ọ̀pá kan ló nà ró níwájú awakọ̀, irin gbọọrọ kan sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ń tì sọ́tùn-ún tì sósì. Ó ṣojú rẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ kan jábọ́ tó sì kú, kò torí ìyẹn di ẹrù rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 1921, àjọ Fédération Aéronautique Internationale fún un ní ìwé àṣẹ. Kò tíì sí obìnrin aláwọ̀ dúdú tó gbà á rí.

Ó padà sí Amẹ́ríkà, àwọn oníwèé ìròyìn ti ń dúró dè é. Ìyìn pọ̀, iṣẹ́ kò sí. Ohun tí ẹni bíi tirẹ̀ lè fi bàálù jẹ nígbà náà ni kí ó máa fi dárà lókè kí èrò máa sanwó wòran, ohun tó kọ́ ní Faransé kò sì tó ṣe ìyẹn. Kí ni obìnrin yìí ṣe? Ní 1922 ó tún wọkọ̀ padà sí Yúróòpù lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Ẹni tí àwọn oníwèé ìròyìn ti ń pè ní ẹni àkọ́kọ́ tún lọ jókòó bí ọmọ ilé ìwé. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ló tó fò níwájú èrò fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Long Island nítòsí New York.

Owó tó ń wá, ilé ẹ̀kọ́ bàálù ló fẹ́ fi kọ́. Ó ń fò, ó ń sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní ilé eré, ó ń wí fún àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n wá kọ́ bàálù. Nígbà tó fẹ́ fò ní Waxahachie, ìlú tí ó ti dàgbà, àwọn tó ṣètò eré náà fẹ́ kí àwọn òyìnbó gba géètì kan wọlé, kí àwọn dúdú gba òmíràn. Bessie ní òun ò ní fò bí gbogbo ènìyàn kò bá gba géètì kan náà. Wọ́n gbà fún un. Bí wọ́n ti wọlé tán, wọ́n ṣì pín ìjókòó. Ohun tí agbára rẹ̀ ká ló ṣe, mi ò sì kà á sí kékeré.

Gbọ́ bó ṣe kú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1926, ó ra ògbólógbòó bàálù Curtiss kan. William Wills, mẹkáníìkì rẹ̀, ló wà á láti Texas wá sí Jacksonville ní Florida, ẹ̀rọ rẹ̀ sì ń dákú lójú ọ̀nà. Ọjọ́ 30 oṣù náà, àwọn méjèèjì gbéra láti lọ wo pápá tí wọn yóò ti ṣeré lọ́jọ́ kejì. Wills ló ń wà á. Bessie kò de bẹ́líìtì, nítorí ó fẹ́ máa na ọrùn wo ilẹ̀, kí ó lè mọ ibi tí òun yóò fi agboòrùn (páráṣúùtì) bọ́ sí. Sípánà kan tí ẹnì kan gbàgbé sínú bàálù yọ́ lọ há mọ́ ẹ̀rọ tó ń darí rẹ̀. Bàálù náà dojú dé, ó gbọn Bessie sọnù, ó sì jábọ́ pẹ̀lú Wills. Ẹni ọdún 34 ni Bessie. Ilé ẹ̀kọ́ náà kò sì tíì sí.

Mi ò fi èyí bú òkú. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, o gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ sípánà náà ju ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ lọ. Lónìí, níbi tí wọ́n ti ń tún bàálù ṣe dáadáa, wọ́n máa ń ka irinṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á tún kà á nígbà tó bá parí. Bí sípánà kan bá dín, bàálù náà kò ní gbéra títí wọn yóò fi rí i. Awakọ̀ ńkọ́? Ìwé àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó gbọ́dọ̀ kà jáde, lójoojúmọ́, bí ó tilẹ̀ ti há a sórí láti ọdún mẹ́wàá. Ọmọ tó bá ń ka ìyẹn sí ìyọlẹ́nu, tó bá rò pé ọwọ́ òun ti mọ́ iṣẹ́, kí ó wá iṣẹ́ mìíràn ṣe.

Bí wọ́n bá ní kí n yan ẹni tí o máa fara wé, Bessie kọ́ ni n ó yàn. Willa Brown ni n ó yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ kò dún tó bẹ́ẹ̀. Kentucky ni wọ́n ti bí i ní 1906. Tíṣà ni kí ó tó dé Chicago, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bàálù ní pápá kan tí wọ́n ń pè ní Harlem lẹ́yìn ìlú náà. (Kì í ṣe Harlem ti New York o.) Wo ètò rẹ̀: ìwé ẹ̀rí mẹkáníìkì bàálù ló kọ́kọ́ gbà, ní 1935. Ọdún 1938 ló tó gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀, òun sì ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀. Ó ti mọ inú ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó gbé bàálù lé e lọ́wọ́.

Ní 1936, ó wọ ọ́fíìsì Chicago Defender, ìwé ìròyìn Abbott yẹn náà. Ṣòkòtò funfun tí wọ́n fi ń gẹṣin ló wọ̀, jákẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà funfun gíga. Gbogbo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ń ta pọ́ọ́ nínú yàrá náà dákẹ́. Enoch Waters, olóòtú tó wà níbẹ̀, ló sọ ìtàn náà lẹ́yìn náà. Kò wá kí wọ́n ya òun ní fọ́tò kó sì máa lọ. Ó wá sọ fún wọn pé àwọn dúdú tó ń wa bàálù wà ní Chicago, wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn, kí ìwé ìròyìn náà kéde rẹ̀. Waters lọ síbẹ̀, ó rí èrò, Willa sì gbé Waters fúnra rẹ̀ fò. Nígbà tó di 1939, àwọn méjèèjì àti Cornelius Coffey tó jẹ́ olùkọ́ Willa ti dá ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀ òfuurufú dúdú sílẹ̀.

Coffey àti Willa ló jọ gbé ilé ẹ̀kọ́ Coffey dúró. Ìjọba Amẹ́ríkà ń fi owó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bàálù nígbà náà nítorí Ogun Àgbáyé Kejì tó ń bọ̀, wọ́n sì fẹ́ fi àwọn dúdú sílẹ̀. Willa ń rọ̀jò lẹ́tà. Ó kọ̀wé dé ọ̀dọ̀ ìyàwó ààrẹ, Eleanor Roosevelt. Ilé ẹ̀kọ́ wọn wọ inú ètò náà, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì gba ọwọ́ wọn kọjá, tí àwọn kan nínú wọn di ọmọ ogun òfuurufú aláwọ̀ dúdú ti Tuskegee tí gbogbo ayé mọ̀. Wàá ti rí fíìmù nípa àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn. Ṣé o mọ̀ pé obìnrin wà lára àwọn tó kọ́ wọn níbẹ̀rẹ̀? Ohun tí Bessie ń wá owó fún títí ó fi kú ni Willa ń ṣe yẹn.

Nọ́ọ̀sì kan tún wà ní Chicago yìí kan náà, Janet Bragg. Owó tó ń gbà níbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fi ra bàálù tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń lò. Àwọn pápá tó wà nítòsí kò gbà wọ́n, wọ́n bá lọ la pápá tiwọn ní Robbins, ìlú àwọn dúdú. Nígbà tí ogun dé, ó fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń wa bàálù fún ìjọba, wọ́n kọ̀ ọ́ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó lọ sí Tuskegee lọ ṣe ìdánwò láti gba ìwé àṣẹ tí ènìyàn lè fi bàálù ṣiṣẹ́ jẹun. Ọkùnrin tó dán an wò gbà pé ó mọ̀ ọ́n wà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò fún ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ní irú ìwé yẹn rí, òun ò sì ní bẹ̀rẹ̀ báyìí. Janet padà sí Chicago, ó tún ìdánwò náà ṣe níwájú ẹlòmíràn ní 1943, ó gbà á. Kò lo ọdún mẹ́wàá níbi tó ti ń ṣàròyé ọkùnrin yẹn. Bí wọ́n bá ṣe irú rẹ̀ sí ọ, tí ọ̀gá kan bá wò ọ́ lójú tó ní obìnrin ò lè ṣe é, kọ ọjọ́ àti ohun tó sọ sílẹ̀, kí o wá olùdánwò mìíràn lọ. Má bá a jà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí ìwé rẹ.

Nílé ńkọ́? Ní Gánà, Melody Danquah dá wa bàálù ọmọ ogun gbéra ní 1964. Níbí, Chinyere Kalu, ọmọ Akwete ní ìpínlẹ̀ Abia, ni obìnrin Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ láti fi bàálù wíwà ṣiṣẹ́ ṣe. Ilé ẹ̀kọ́ bàálù ti ìjọba àpapọ̀ ní Zaria ló ti kọ́ ọ. Ohun tí àwọn tó ń pín fọ́tò rẹ̀ kì í fi kún un ni pé ó padà lọ kọ́ni ní Zaria, ó sì di ọ̀gá àgbà ibẹ̀ ní 2011. Nínú ọmọ ogun òfuurufú wa, oṣù Kẹwàá ọdún 2019 ni wọ́n fi àmì ìyẹ́ kọ́ Kafayat Sanni láyà fún bàálù ajàgun, àti Tolulope Arotile fún hélíkọ́pítà ogun. Tolulope, ọmọ wa láti Iffe ní Ìjùmú, ilẹ̀ Òkun, ja àwọn agbébọn ní agbègbè Minna láti òkè. Ọjọ́ 14 oṣù Keje ọdún 2020, nínú bárékè ní Kaduna, mọ́tò kan tó ń fẹ̀yìn rìn gbá a, ó sì kú. Ẹni ọdún 24 ni. Mi ò ní fi ikú rẹ̀ kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ kankan. Ó dùn wá, ó ṣì ń dùn wá.

Ipò àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán báyìí, ṣé o rí i? Ó ti lọ ní Faransé, ó ti lọ ní Amẹ́ríkà, ó ti lọ ní Zaria. Irene Koki Mutungi ti Kenya ti gba ti ọ̀gá awakọ̀ Boeing 787 láàárín àwọn obìnrin Áfíríkà ní 2014. Síbẹ̀, ní Amẹ́ríkà tí Bessie ti bẹ̀rẹ̀ láti ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, bí o bá kó ọgọ́rùn-ún awakọ̀ bàálù jọ, obìnrin aláwọ̀ dúdú inú wọn kò pé ẹyọ kan. Àkọ́kọ́ ń wọlé, ilẹ̀kùn ń padà tì. A nílò ẹni kejìlá, a nílò ẹni àádọ́ta, a nílò ẹni tí wọn kò ní kọ orúkọ rẹ̀ sí ìwé ìròyìn nítorí pé obìnrin tó ń wa bàálù kò jọ ẹnikẹ́ni lójú mọ́. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí o jẹ́.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ owó. Mo gbọ́ pé bàbá rẹ ti ń wo ilẹ̀ kan tí ó fẹ́ tà. Kí ó dúró. Kí ẹ tó ta ohunkóhun, lọ ṣe àyẹ̀wò ara tí wọ́n ń pè ní Class 1 lọ́dọ̀ dókítà tí NCAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, fọwọ́ sí. Ojú, etí, ọkàn, gbogbo rẹ̀ ni wọn yóò wò. Bí ojú rẹ kò bá ríran jìnnà tí awò sì tún un ṣe, kì í ṣe ìdíwọ́, nítorí náà má fi awò rẹ pamọ́. Ṣùgbọ́n àìsàn kan lè wà tí ìwọ fúnra rẹ kò mọ̀, ó sì sàn kí o gbọ́ ọ nígbà tí ilẹ̀ bàbá rẹ ṣì wà níbẹ̀ ju ìgbà tí o ti san owó ilé ẹ̀kọ́ lọ. Bí wọ́n bá fún ọ níwèé, tún ìṣirò àti físíìsì rẹ ṣe. Afẹ́fẹ́, ìwọ̀n ẹrù, epo tí yóò gbé ọ délé: ìṣirò ni gbogbo rẹ̀.

Zaria wà, ilé ẹ̀kọ́ bàálù sì wà ní Ìlọrin nítòsí wa níbí. Ibikíbi tí o bá lọ, bèèrè iye bàálù tó ń fò níbẹ̀ lóòótọ́ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, má wo àwòrán inú ìwé ìpolówó. Wákàtí tí o bá fò ni dúkìá rẹ. Ó tó ẹgbẹ̀rún kan àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wákàtí, 1,500, kí o tó lè gba ìwé àṣẹ tí ọ̀gá awakọ̀ bàálù èrò ń lò. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé ìwé àṣẹ àkọ́gbà ni iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló gbà á, tí wọ́n jókòó sílé, nítorí pé ilé iṣẹ́ bàálù tún fẹ́ kí wọ́n ti kọ́ irú bàálù kan pàtó, bíi Boeing 737, owó ìyẹn sì wà lọ́tọ̀. Ẹ fi èyí sínú ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí owó kò bá sì ká a lónìí, ẹ̀rọ títún ṣe wà, dídarí bàálù láti ilé gogoro wà. Mi ò sọ èyí láti fi rẹ̀ ọ́ lẹ́kún. Ẹnjiníà tó bá ní ìwé àṣẹ ni yóò fọwọ́ sí i kí bàálù tó gbéra. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọ̀gá awakọ̀ àti gbogbo ọgọ́rùn-ún èrò rẹ̀ yóò jókòó sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà yẹn ni Willa gbà wọlé.

Ìyá rẹ yóò bèèrè ọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ, mo sì mọ̀ pé ó máa ń bí ọ nínú. Dá a lóhùn pẹ̀lẹ́. Sọ fún un pé òfin àgbáyé gbà kí aboyún tí ara rẹ̀ le máa wa bàálù láti ìparí ọ̀sẹ̀ kejìlá títí dé ìparí ọ̀sẹ̀ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, lẹ́yìn ìyẹn kí ó sinmi títí yóò fi bímọ, kí dókítà sì tún un yẹ̀ wò kó tó padà. Òfin ti rò ó. Ọkọ tí kò bá lè rò ó ni kí o bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó gbé ìdáná wá.

Ohun kan ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ. Lọ́dún tí o bá gba ìwé àṣẹ rẹ, padà sí ilé ẹ̀kọ́ girama tí o ti jáde. Wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ lọ, kí wọ́n fi ojú rí i. Kí o dúró níwájú àwọn ọmọbìnrin náà, kí o sọ iye tí o ná fún wọn, bó ti wù kó rí, kí o sọ orúkọ ibi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ara, kí o sọ ìdánwò tí o ṣe tí o kò yege àti bí o ṣe tún un ṣe. Kí o fi nọ́ńbà fóònù rẹ sílẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà físíìsì wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá pè ọ́, ọmọ mi, jọ̀wọ́, gbé e.